Igbe tí Enoch Gbọ́

Òkú Hettie Pickup wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀, lábẹ́ bẹ́líìtì tó ń yí. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti fọ́. Búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Holroyd, ọlọ́pàá, ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Irinwó ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Din" ni àwa ará Lancashire ń pe ariwo wọn: ariwo tí kì í sinmi, tí èèyàn kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ètè ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

"Nell ló tì í, àbúrò rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Ormerod tó ni ilé iṣẹ́ wí. "Wọ́n jà láàárọ̀ yìí."

Ojú Nell ti wú. "Ọ̀gá, òótọ́ ni a jà. Ó ní kí n má fẹ́ Enoch ní Sátidé. Mo ní kí ló dé, ó ní kí n bi Enoch. Mo ti ibi oúnjẹ àárọ̀ wọlé, mo bá a nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ dákun."

Bí ọ̀rọ̀ Ormerod bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á yẹgi fún ọmọbìnrin yìí.

Enoch Duerden, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, yọ fìlà. "Ẹ fi Nell sílẹ̀. Bẹ́líìtì ló gbá Hettie. Mo kẹ̀yìn sí i, mò ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ tó ké pé, 'Enoch!' Kí n tó yíjú, ó ti ṣubú."

"O gbọ́ ọ?"

"Ketekete."

"Láàárín din?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ogún ọdún ni ìyá mi fi hun aṣọ," ni Holroyd wí. "Tí o bá gbọ́ igbe Hettie, ẹ̀rọ ti dúró nìyẹn. Bẹ́líìtì tó dúró kì í gbá èèyàn. Àsìkò oúnjẹ àárọ̀, tí wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ, ló kú. Búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ jẹ́rìí. Nell àtàwọn obìnrin yòókù wà lágbàlá. Ta ló máa ń dá kù sínú ilé láti tún ẹ̀rọ ṣe?"

"Èmi ni."

"Mú sípánà rẹ wá."

Irun Hettie wà lára rẹ̀.

"Ẹnu mi ni Hettie kà," ni Enoch wí. "Mo fi ètè sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní òdìkejì yàrá pé mo níyàwó sílẹ̀ ní Oldham. Mi ò mọ̀ pé Hettie ń wò mí. Ó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀ wá bá mi, ó ní tí mi ò bá sọ fún Nell, òun á sọ. Nígbà tí mo gbá a, ó ké orúkọ mi. Igbe yẹn ò kúrò létí mi, ọ̀gá."

Wọ́n gbé òkú lọ. Ormerod ní kí iṣẹ́ máa lọ, din sì padà. Lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, Enoch yíjú sí Nell. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Nell wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kẹ̀yìn sí i.