Àténdáǹsì Tí Ìyá Àlímì Fọwọ́ Sí

Láti ìgbà tí bàbá Àlímì ti kú, tí Àlímì fúnra rẹ̀ sì ti lọ sí Kánádà, Ìyá Àlímì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀ ní Abúlé Òkúta. Òun ni alága àdúgbò, àmọ́ ọjọ́ ìpàdé nìkan làwọn èèyàn ń rántí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin méjì wọlé, tí wọ́n ní káńsù ló rán àwọn, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní "màmá wa", inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Wọ́n jókòó pẹ́. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, wọ́n béèrè Àlímì, wọ́n sì gbọ́ ìtàn Ìsẹ́yìn, ìlú rẹ̀, látòkèdélẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde ni Dọlápọ̀, èyí àgbà nínú wọn, fa ìwé yọ.

"Màmá wa, àténdáǹsì lásán ni. Kí ọ̀gá wa lè mọ̀ pé a wá kí yín."

"Kò sí wàhálà, ọmọ mi." Ó buwọ́ lù ú. Àwa náà ńkọ́? Ta ló ń ka àténdáǹsì kó tó kọ orúkọ sí i?

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n kan pátákó mọ́ ẹ̀rọ omi àdúgbò, tí agbaṣẹ́ṣe káńsù gbẹ́ dé ìdajì tó sì pa tì: IṢẸ́ TI PARÍ. Àwọn aráàdúgbò fi ìbínú lọ sí káńsù. Ìwé ni wọ́n fi hàn wọ́n: alága àdúgbò ti jẹ́rìí pé omi ń yọ.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Àlímì bá kí àwọn aráàdúgbò, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dùn ún wọra.

Leah nìkan ló wọlé wá bá a. Aládùúgbò rẹ̀ ni, ọmọ Ìlàjẹ, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní òpópónà Bajulaiye.

"Màmá, kí lẹ fọwọ́ sí?"

"Àténdáǹsì ni wọ́n pè é."

"Ṣé ẹ kà á?"

"Leah, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti bá mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti máa kàwé lójú wọn, bí ẹni pé mo pè wọ́n lólè."

"Màmá, ìwé yẹn ni wọ́n fi gba owó omi wa. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà pé wọ́n tàn yín, pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ká sì béèrè gbogbo ìwé iṣẹ́ náà. Òfin fún wa lẹ́tọ̀ọ́, àárín ọjọ́ méje ló sì yẹ kí wọ́n dáhùn."

"Tórúkọ mi bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti bàjẹ́, màmá. Ẹ̀yin náà lẹ máa tún un ṣe."

Ìyá Àlímì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Ó gbé e lọ sí káńsù, ó sì dúró títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Ó pàdé Dọlápọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá wa" ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Káńsù ò fẹ́ kó ìwé iṣẹ́ náà jáde, nítorí náà kò pẹ́ tí wọ́n fi rán agbaṣẹ́ṣe padà wá parí iṣẹ́, omi sì yọ. Àwọn kan wá dúpẹ́, àwọn kan ṣì ń bá a yan odì. Leah ló ń wá jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé tí ẹ kò kà, ohun yòówù kí wọ́n pè é. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ti tàn yín, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, ẹ kọ̀wé lọ. Ẹ sì máa yà kí àwọn àgbà àdúgbò yín, kó má jẹ́ pé ẹlẹ́tàn nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó fẹ́ràn yín lóòótọ́ á dúró kí ẹ ka ìwé tán.