Ẹrù Inú Ẹ̀jẹ̀ Aksel Boysen

Òkú Aksel Boysen kò jọ òkú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú yìnyín wọlé. Ó nà gbalaja lórí ibùsùn, òtútù oṣù Kìn-ín-ní sì ń fẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Asta Kragh kò béèrè nípa fèrèsé. Ní erékùṣù yìí, bí ènìyàn bá kú, wọ́n á ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ kí ẹ̀mí lè jáde. Ó kàn ní kí ọlọ́pàá tó tẹ̀lé e lọ ti gbogbo fèrèsé ilé, títí dé ti ilé ìfọṣọ, kí òtútù má baà pa àwọn alààyè tẹ̀lé òkú.

Dókítà Lorentzen ti dá ẹjọ́ tirẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló pa á. Ruth Mølgaard fún un ní oògùn ìrora láàárọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti kú. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ̀rí."

"Ẹ̀rí wo? Ẹ̀rọ tí Ruth fi há a níka láàárọ̀ sọ pé atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń mí dáadáa kó tó gbé oògùn mì."

Dókítà ti sọ ọ́ ní ilé búrẹ́dì. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́.

Ruth jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó di orí mú. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ láti wò bóyá ó ń jí oògùn lò.

"Mo wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀," ó ní. "Ilé gbóná dáadáa. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì bì. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni. Oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni mo fún un, mi ò fi kún un."

"Orí ń fọ́ ìwọ náà?"

"Láti àárọ̀. Ta ni orí ò ní fọ́, tí wọ́n bá ń pè é ní apànìyàn?" Ó gbójú sókè. "Asta, bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, kí ló kù fún mi?"

Asta wo aago. Agbẹjọ́rò ìjọba ti ní bí kò bá sí ohun mìíràn, kí wọ́n fẹ̀sùn kàn án lọ́la.

Keld, ọmọ olóògbé, já wọlé láti ìlú Odense.

"Ẹ ṣì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó pa bàbá mi máa mu kọfí níbẹ̀?"

"Ìwọ lo fẹ́ ta ilé bàbá ẹ. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Títa ilé kì í pa ènìyàn! Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà nígbà tó kú. Ẹ bi awakọ̀."

Asta bi í. Òótọ́ ni.

Ó ku Vagn Thygesen, aládùúgbò tó rí òkú, àgbà tó ti fi ayé rẹ̀ kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi.

"Mo yọjú, ó ti kú. Mo ṣí fèrèsé, mo pe dókítà."

"Ẹ̀yin àti Aksel ò rẹ́."

"Nítorí èéfín ààrò tó fi ń mú ilé gbóná ni. Ta ni ò mọ̀?"

"Ààrò rẹ̀ ńkọ́ láàárọ̀ yẹn?"

"Ó tutù bí imú ajá."

Àwọn panápaná gbé ẹ̀rọ tó ń mọ gáàsì olóró yí ilé Aksel ká. Kò dún rárá. Asta fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀.

Ó pe Sanne Brix, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ní ìlú Svendborg.

"Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ Aksel pé," Sanne ní.

"Ẹ wọ̀n ọ́n ni, àbí ẹ ṣírò rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ kékeré ló ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá, ti àwọn tó ṣì ń mí ni."

"Sanne, òkú ọ̀hún pọ́n! Ta lo rí tó kú tó lẹ́wà? Jọ̀ọ́."

Sanne ráhùn, ó gé fóònù. Nígbà tó padà pè, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, alááru ni. Atẹ́gùn ló yẹ kó rù. Ti Aksel, ó lé ní ìdajì wọn tó ru gáàsì olóró tí ẹyin iná ń tú jáde, èyí tí kò lóòórùn. Wọn kì í sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀."

"Ẹ̀rọ ìka ńkọ́?"

"Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì péré ló ní. Alááru tó ru atẹ́gùn, èyí tó ru gáàsì, pupa ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Tiwa ń fi ọ̀pọ̀ àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Ẹ wo ti Ruth."

Sanne fi ẹ̀jẹ̀ Ruth sínú ẹ̀rọ ńlá. "Mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló ru gáàsì náà. Ṣé ó ń mu sìgá?"

"Kò mu ún rí."

Ruth kò parọ́, nígbà náà. Iná wà nínú ààrò láàárọ̀ yẹn. Ẹlòmíràn ló parọ́.

Vagn ń bẹ ọ̀dùnkún ẹnì kan ṣoṣo nígbà tí Asta wọlé.

"Bàbá Vagn, ẹ̀mí mélòó ni Aksel ní?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn, ọmọ Kragh?"

"Fèrèsé kan là ń ṣí fún òkú. Ẹ ṣí gbogbo tilé, dé ilé ìfọṣọ. Gáàsì lẹ̀ ń lé jáde. Nítorí ẹ̀ ni ẹ̀rọ panápaná ò ṣe dún. Gbogbo wa rí i, a pè é ní àṣà."

Ọ̀bẹ dúró.

"Ẹ ní ààrò tutù. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjì ní kò tutù."

Vagn nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mo dúró títí èéfín fi tán, tó ku ẹyin iná," ó ní. "Ọmọ èédú ni mí, mo mọ ìgbà tí iná ń pani láìsọ̀rọ̀. Òrùlé rẹ̀ ò ga. Mo fi àpò tútù dí ẹnu ihò èéfín. Nígbà tó kú, mo yọ ọ́, mo kó ẹyin iná dà sínú yìnyín."

"Ẹ rí Ruth tó ń wọlé."

"Mo rí i."

"Ẹ ò pè é padà."

"Mi ò pè é."

Asta fẹ́ kígbe. Kò kígbe. "Kí ni Aksel ṣe fún yín?"

"Ọdún tó kọjá, Ellinor ìyàwó mi ń wú ikọ́ kú lọ. Mo bẹ Aksel kó má dáná ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ó ní kí n ti fèrèsé mi. Mo tì í. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mi ò lè ṣí i fún un. Èéfín ọkùnrin yẹn ló wà níta."

Asta mú un lọ. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn Dókítà Lorentzen. Ó rò ó fún un.

"Màá bá Ruth sọ̀rọ̀ lọ́la," dókítà ní.

"Ẹ ò dúró dọ̀la kẹ́ ẹ tó pè é ní apànìyàn ní ilé búrẹ́dì."

Asta tẹ nọ́ńbà Ruth, ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó sì dúró tì í. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e. Ruth ti jókòó tì í.

"Ruth," dókítà ní. Ó wojú Asta. Asta kò ràn án lọ́wọ́.