Ẹni Tó Mu Ìṣẹ́kù

Oòrùn mú ganrínganrín, àwọn obìnrin tó ń ru òkúta lọ sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n òógùn kò yọ lára Àwáwù. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó gbẹ bí ara ìkòkò.

"Ìyá Sàdíátù, ẹ rọra," Kúlúsúmù sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Bí ẹ bá ń sáré báyìí, wọ́n á ní kí gbogbo wa máa sáré."

Àwáwù rẹ́rìn-ín. Kò tíì pẹ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ délé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, síbẹ̀ wọ́n ní gbogbo ilé ní Ẹdẹ gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan wá síbi iṣẹ́ náà. Ilé tó ní ogún ọkùnrin mú ẹnìkan wá. Ilé opó tó ní ọmọ kan ṣoṣo náà mú ẹnìkan wá. Wọ́n ní ìdọ́gba nìyẹn.

Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀ ló fún un lọ́nà odò ní àgúnmu tí kì í jẹ́ kó rẹ ènìyàn, kò sì gba kọ́bọ̀.

"Ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kí ẹ mu ún tán. Ẹ má ṣẹ́ ẹ kù."

Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò mu ẹ̀kọ tán níṣojú ọmọ? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Láràárọ̀, Àwáwù ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún Sàdíátù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá ọmọ náà lórí ẹní, irun rẹ̀ tutù fún òógùn.

"Kí ló rẹ̀ ọ́ tó báyìí?"

"Òkúta yẹn ni, Ìyá mi. Tòní wúwo ju tàná lọ."

Ọmọ tí kò kúrò nílé. Àwáwù tú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà wò. Ó ti bó, erùpẹ̀ pupa sì wà nínú egbò náà. Ó wo ti òun fúnra rẹ̀. Ó rọ̀ bí tọmọ tuntun.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó po ẹ̀kọ náà, ó ní kí Sàdíátù kọ́kọ́ mu, òun fúnra rẹ̀ sì mu ìyókù tán. Ọmọ náà fò sókè, ó ní ebi ń pa òun. Ìrora sì wọ Àwáwù léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ lórí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹrù rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó tiro dé ibi iṣẹ́. Kúlúsúmù sáré kọjá lára rẹ̀, agbọ̀n méjì lé ara wọn lórí rẹ̀.

"Kúlúsúmù, ìwọ náà ti rí ọkùnrin yẹn?"

"Gbogbo wa ni. Ó wá bá wa nílé lánàá."

"Ṣé o mu ún tán?"

Kúlúsúmù wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Kí n mu ún tán, lójú àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ṣé ahun ni mí ni, Ìyá Sàdíátù?"

Àwáwù sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó na apá méjèèjì dí ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà yà fún un, wọ́n ń sáré lọ. Láti ìgboro, kò sí ohùn ọmọ kankan.