Ẹ̀bùn Orí Òrùlé

"Todosia, ọ̀gá mi, ṣàánú mi!" Bàbá Vasalie ló ń bẹ ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún bẹ́ẹ̀ níwájú géètì. "Yìnyín ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ilé àlejò mi ò sì tíì ní òrùlé."

"Ẹ pe àwọn kanlékanlé, sà."

"Àwọn wo? Ṣebí gbogbo wọn ti kó lọ sí Ítálì àti Jámánì!"

Òótọ́ ni. Ní agbègbè Maramureș tiwa níbí, pákó pẹlẹbẹ la fi ń bolé, àáké la sì fi ń là á, nítorí èyí tí a fi ayùn rẹ́ máa ń mumi. Todosia nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n là. Bàbá rẹ̀ àgbà ló kọ́ ọ kó tó kú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìyá Aláàáké! Tẹ̀ lé wa lọ sí Ítálì jàre!" Ìyá rẹ̀ wà ní Ítálì ọ̀hún, ó ń tọ́jú arúgbó kan, torí kò ríṣẹ́ nílé. Àárò rẹ̀ ń sọ ọmọ náà gan-an.

"Màá bò ó," ni Todosia wí, "tẹ́ ẹ bá gba màmá mi sí ilé ìdáná yín, iṣẹ́ àṣelà o."

"Mo ti ní alásè kan lọ́kàn..."

"Kó wá bá yín bo òrùlé nìyẹn."

Bàbá Vasalie bú sẹ́rìn-ín, ó gbà pé òun á ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ wálé.

Ọmọ yìí ṣiṣẹ́! Ilé mi kọjú sí ibẹ̀, orí mi sì ń wú bí mo ṣe ń wò ó. Pákó kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì, abẹ́rẹ́ ò lè gbàárín wọn kọjá. Nígbà tó parí, ó kan ẹ̀ka igi mọ́ ṣóńṣó òrùlé, àmì pé iṣẹ́ ti parí. Àṣà wa ni pé onílé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀bùn wá kí oníṣẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Vasalie gbé aṣọ tuntun wá.

"Ẹ ṣé o, sà, àmọ́ ẹ̀bùn tèmi kọ́ nìyẹn." Todosia jókòó pa sókè. "Màmá mi dà?"

"Òtútù á pa ẹ́ o!"

"Á pa wá pọ̀ ni, ẹ̀yin náà ṣáà wà níta."

"Wẹ̀yìn wò, olóríkunkun!"

Bọ́ọ̀sì ti dúró létí afárá. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì, ó gbójú sókè, ó figbe ta.

"Todosia! Ta ló ní kó o gun ibẹ̀? Bọ́ọ́lẹ̀ kíá!"

Ẹkún ayọ̀ ló gba ẹnu Todosia bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́ iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yín ń sá fún, kẹ́ ẹ sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wọ́n nílùú, ẹ̀yin lẹ ó máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, àwọn àgbà á sì gbọ́.