Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Abẹ́ igi kaṣú kan lẹ́nu ìlú Tẹ̀dé ni Waheedat ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí ó ti ń pariwo mọ́ ewúrẹ́. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé, ìwé àtijọ́ kan tí kò ní èèpo mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ké bí ọdẹ tí ẹranko ń lé. Lójijì ó yí ohùn padà, ó ń sunkún bí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò tíì ti oko dé. Ewúrẹ́ méjì tí ń jẹko níwájú rẹ̀ gbójú sókè, wọ́n sì rọra sún sẹ́yìn.

Táyà ọkọ̀ tó ń gbé Waheedat bọ̀ láti Ìsẹ́yìn ló jò. Bí dírẹ́bà ti ń wá jáàkì kiri, àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ láti wá ibòji. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa ti kun ojú gbogbo wọn. Waheedat ń sún mọ́ igi kaṣú náà díẹ̀díẹ̀, nítorí ó dá ohun tí ọkùnrin náà ń kà mọ̀. Ìwé yẹn gan-an ló ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé lórí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, níbi tí ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè Yorùbá.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ó ní. "Ẹ má bínú, ẹ fo gbólóhùn kan."

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn. "Mo fo kí ni?"

"Ọdẹ yẹn kò kàn sá. Ó sá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú àwọn. Ẹ fi ẹ̀bẹ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀."

Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ikán ló jẹ ibẹ̀! Àbí ẹ̀yin lẹ kọ ìwé náà ni?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí wọ́n tó bí ìyá mi."

Ẹ̀rín yẹn ni Waheedat fi mọ̀ ọ́n. Ohùn tí ń jáde nínú rédíò ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ni, lọ́sàn-án gbogbo.

"Yéè! Ẹ̀yin ni Muhydeen tó ń kàwé lórí rédíò! Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi kì í jẹ́ ká mí."

"Ẹ bá mi kí wọn. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọmọ wọn bú mi lójú títì."

"Èmi kọ́! Mo tún yín ṣe ni."

Ọkọ̀ Ṣakí ni Muhydeen náà ń dúró dè níbẹ̀; ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí nígbà tí ọkọ̀ tún gbéra. Kí wọ́n tó dé Ṣakí, "ẹ" ti di "o".

Láti ìgbà náà, bí Waheedat bá ti wà nílé, á lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kó lè tú àwọn ọ̀rọ̀ tó le fún Muhydeen. Ó máa ń sọ bí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ ṣe ń to ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to iṣu sínú ọkọ̀: gbólóhùn á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èémí lẹ́nu òǹkàwé, síbẹ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò ní jábọ́.

"Àwa tòde òní ńkọ́?" ó ní lọ́jọ́ kan. "Bí inú wa bá dùn, a ó ní a háápì. Ó tán!"

"Èmi ò ní háápì mọ́ láé," ni Muhydeen fèsì. "Inú mi á máa dùn bí inú àgbẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá lóko."

"O ti ń gbìyànjú, akẹ́kọ̀ọ́ mi."

"Kí ni olùkọ́ mi máa fún mi?"

"Iṣẹ́ àṣetiléwá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, tí ìfẹ́ fi wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n Muhydeen kò sọ ọ́. Bó bá wà nídìí máíkì, tó ń ka ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ inú ìwé, Waheedat á máa fetí sí i bí ẹni pé òun ló ń bá wí. Bó bá jáde, tó ku àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni tàbí ọ̀rọ̀ eruku. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Waheedat kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Muhydeen, kí lo tiẹ̀ rí lára mi?"

Muhydeen dìde, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Ìwọ tí ojú rẹ ń tàn bí òwúrọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìwọ tí koríko ń tẹríba fún bí o bá ń kọjá..."

"Orí kẹrin nìyẹn," ni Waheedat fi dá a lẹ́nu dúró. "Ohun tí ọdẹ sọ fún ìyàwó kejì nìyẹn. Kò sì pẹ́ tó fi já a sílẹ̀."

"Eré ni mo ń ṣe o, Waheedat."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti pàdé, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lo ń kà sí mi létí. Tìrẹ dà?"

Muhydeen tún nawọ́ sí ìwé rẹ̀. Waheedat gbé báàgì rẹ̀, ó dá ọ̀kadà dúró, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Àfi bíi pé bàbá rẹ̀, Alhaji Ládòkun, tí ń ra àgbàdo àti ọkà bàbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bó ti wọlé ló pè é.

"Wọ́n ní ọmọ rédíò yẹn ń wá ọ. Ẹ̀yìn ikú mi ni. Ẹni tó lè sunkún lẹ́nu iṣẹ́, kó rẹ́rìn-ín kí omijé tó gbẹ, báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tó ń sọ òótọ́?"

"Bàbá Waheedat, ṣebí ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ dá sí i.

"Mò ń gbọ́ ọ. Àmọ́ n kò ní fún un lọ́mọ torí ìyẹn."

Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Waheedat ì bá bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Lọ́jọ́ yìí, ohun tí bàbá ń bèèrè ni òun náà ń bèèrè.

Ó padà sídìí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó tún ìwé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ ló wá ń rí. Àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn gùn jù nínú ìwé náà ni wọ́n ń tètè lọ. Baálé kan sì wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé wí nípa rẹ̀ ni pé, ní àárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń jí ṣáájú ìyàwó rẹ̀ kó lè gbé omi ìwẹ̀ obìnrin náà kaná. Waheedat ti ka ibẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ó rò pé òǹkọ̀wé kàn ń fi kún ìwé ni. Ó wá rántí pé Muhydeen ló máa ń gbé àga òun sí ibi tí atẹ́gùn fáànù ti ń fẹ́, tí Muhydeen fúnra rẹ̀ á wá jókòó sínú ooru. Ó rántí ìgbà tí ibà dá òun gúnlẹ̀, tí Muhydeen gbé ọsàn wá fún ìyá òun láti Ìwéré-Ilé, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n jí òun. Ó pa ìwé dé. Ojú tì í díẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Muhydeen dá wá sílé Alhaji Ládòkun. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Waheedat wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

"Dìde. Kí lo wá sọ?"

"Ẹ... ẹ kú jókòó, sà. Mo... Waheedat ni mo..." Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

"Ìwọ! Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í kọ́ lórí rédíò!"

"Tibẹ̀, wọ́n ti bá mi kọ ọ́, sà. Eléyìí, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́. Láti ìgbà tí kò wá mọ́, mo ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, kò sẹ́ni tó ń tún mi ṣe. Iṣẹ́ náà kò dùn mọ́. Ilé kò dùn. Mo fẹ́ kó máa tún mi ṣe títí ọjọ́ ayé mi. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀, sà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn."

Alhaji Ládòkun wo òógùn tó ń ṣàn lójú ọmọkùnrin náà. Ó gbójú kúrò.

"Waheedat," ó ké, "jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ṣé ó tún ṣì í sọ ni?"

Waheedat kúnlẹ̀. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ ń dù ú. "Rárá o, Bàbá. Èyí dára bó ṣe wà."

"Ó dáa." Alhaji Ládòkun kọjú sí Muhydeen. "Lọ pe àwọn ẹbí rẹ wá. Kí wọ́n mú ẹni tó lè sọ̀rọ̀ dání."

Ẹ̀rín tí ìyá Waheedat rín láti ilé ìdáná, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ.

Ìgbà tí Waheedat parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí iṣu tuntun ti kún ọjà, ni wọ́n so yìgì ní àgbàlá Alhaji Ládòkun. Aáfà àgbà ṣe wáàsí, ó ṣàdúà títí, kó tó kọjú sí ọkọ ìyàwó.

"Muhydeen, ṣé o gba Waheedat, ọmọ Ládòkun..."

"Mo gbà!"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Aáfà gbọ́wọ́ sókè. "Farabalẹ̀, ọmọ mi. N kò tíì dé orí sàdáàkì tí wàá san fún ìyàwó."

"Mo gba ìyẹn náà, sà!"

Láàárín àwọn obìnrin, Waheedat rẹ́rìn-ín títí tìróò fi ṣàn lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi etí gèlè nù ún. Aáfà dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó wá bi Waheedat bóyá òun náà gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí.

Waheedat gbójú sókè. Ojú rẹ̀ àti ti Muhydeen pàdé lókè orí àwọn èrò.

"Mo gbà á," ó ní.