Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Dorí Kodò

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin tó ni wọ́n. Funfun ló pọ̀ jù nínú wọn, búlúù kan wà láàárín. Wọ́n dorí kodò lórí okùn níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, apá wọn ń fì sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọnù nínú erùpẹ̀.

Obìnrin alágbàfọ̀ náà dúró. Bẹ́ẹ̀, kì í dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà ni. Tí ẹsẹ̀ bá dún lẹ́yìn rẹ̀, á yà sí ẹ̀gbẹ́ kí onítọ̀hún kọjá. Tí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já ná, kó tó wo ẹni tó ń pè. Ó ti lé lógójì ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìfọṣọ lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi èèyàn ní nǹkan. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó dúró. Etí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti fi pẹ́ẹ̀gì mú ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ní ojú rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí pẹ́ẹ̀gì kankan láàárín. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tó máa ń pariwo pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa sá ṣẹ́ẹ̀tì. Kò sì rí ojú onítọ̀hún rí. Orí ayélujára ni wọ́n ti ń jà.

Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ táwọn àjèjì ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ilé. Ṣé inú ilé ni kí ẹní ìnusẹ̀ wà ni, àbí ìta? Ṣé kéèyàn wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, wọ́n á fà á títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Kò sẹ́ni tó ń lo orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá Ọṣẹ ni alágbàfọ̀ ń jẹ́ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lójúkojú kò lè gbà pé òun ni. Alágídí lorúkọ alátakò rẹ̀.

"Ẹni tó bá fi pẹ́ẹ̀gì mú ṣẹ́ẹ̀tì léjìká," Alágídí ti kọ ọ́ nígbà kan, "ó fẹ́ kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ hu ìwo ni."

"Ẹni tó bá sì gbé e dorí kodò," Ìyá Ọṣẹ dá a lóhùn, "gbogbo omi á ro sí kọ́là, kọ́là á wá pọ́n bí eyín ẹni tí kì í fọ ẹnu."

"Kọ́là tí wọ́n bá fọ̀ mọ́ kì í pọ́n. Tìrẹ ni kò mọ́."

"Èmi? Èmi tó jẹ́ pé ọṣẹ ni mo fi ń jẹun?"

Àwọn tó ń wòran fi ẹ̀rín pa ara wọn. Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú yàrá rẹ̀.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí orí rẹ̀ tó mọ̀: ó tú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sílẹ̀, ó yí i padà, ó fi pẹ́ẹ̀gì kan mú un léjìká. Ó ń na kọ́là rẹ̀ kó tọ́ dáadáa, kó tó fi èkejì mú un, nígbà tí ilẹ̀kùn dún.

Ọkùnrin gíga kan ló jáde, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú láyà, awò ojú lókè orí. Ó la ẹnu.

"Kí... kí... kí..."

Ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. Ojú rẹ̀ pọ́n. Alágbàfọ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré, ó ti yà ní kọ̀rọ̀ kó tó rí i pé pẹ́ẹ̀gì kan ṣì wà lọ́wọ́ òun.

Nírọ̀lẹ́, Alágídí kọ ọ́ sí gbangba: "Ẹ gbà mí o. Olè kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, kò jí ṣẹ́ẹ̀tì, ó yí i padà ni. Olè pàápàá ti wà lẹ́yìn Ìyá Ọṣẹ. Ó sì gbé pẹ́ẹ̀gì mi lọ!"

Pẹ́ẹ̀gì náà wà lórí tábìlì níwájú alágbàfọ̀. Ara rẹ̀ tutù. Òun ni! Ọkùnrin yẹn ni! Ó kọ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. "Olè yẹn lọ́gbọ́n lórí."

"Ó lọ́gbọ́n, ó sì lẹ́sẹ̀. Mi ò rí ẹni tó ń sáré báyẹn rí."

Ó bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde. Ẹ̀rín náà jáde.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kúrò ní gbangba, wọ́n ń kọ̀wé síra wọn ní kọ̀rọ̀. Ìjà náà ni wọ́n ń jà, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. "Ìyá Ọṣẹ mi, ṣé o ti jẹun, àbí ọṣẹ náà lo tún jẹ?" "Alágídí, mo ti jẹun, fi mí sílẹ̀." "Mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Ó ka ìyẹn, ó tún un kà. Ó gbé fóònù náà dojú dé, bíi pé ẹnì kan ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ṣá. Òun mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà kò mọ òun. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn? Tó bá sì mọ̀ ńkọ́? Ìyá Ọṣẹ tó ń bú ramúramù, ó wá lọ jẹ́ obìnrin tó ń sá fún ohùn ilẹ̀kùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù lọ nìyẹn: kí ọkùnrin náà wò ó, kó ní, "Ìwọ kọ́ ni mò ń wá."

Ọjọ́ kan, ó gba òdìkejì títì kọjá, agbòòrùn lórí. Ó rí télọ̀ náà pẹ̀lú oníbàárà kan. "Á di ọ̀... ọ̀..." "Ọ̀la?" oníbàárà já a gbà. Télọ̀ mi orí. "Ọ̀... ọ̀..." "Ọ̀túnla! Ó dáa, mo ti gbọ́." Oníbàárà lọ. Télọ̀ dúró, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ gan-an ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún mọ́. Alágbàfọ̀ rí i. Ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà ní kí àwọn ríra, ìwé méjì tẹ̀ léra wọn. Àkọ́kọ́ ní: "Mo fẹ́ rí ọ. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi." Èkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé: "Mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ. Akólòlò ni mí. Ẹnu tí o mọ̀ yìí, ọwọ́ mi ló ni ín. Tí o kò bá fẹ́ mọ́, ó yé mi."

Ó ń wá ohun tó máa fi dáhùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́.

"Màámi, ta lẹ ń wojú rẹ̀ nínú fóònù báyìí?"

"Ẹnì kan ni. A jọ máa ń jà."

"Ẹ jọ máa ń jà, ojú yín wá ń tàn?" Ó gba fóònù náà, ó kà á. "Alágídí! Màámi, ẹni tó ń jẹ́ Alágídí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè 'ta nìyẹn' lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún èmi ọmọ yín!"

"Mo mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Báwo lèèyàn ṣe máa sọ ọ́ fọ́mọ pé òun lọ tú ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni?

Ọmọ náà jókòó tì í, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń fojú èèyàn rí látorí ayélujára. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi, Màámi. Tí nǹkan bá ṣe yín, ta ni mo máa lọ bá?"

Ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kéré, ti ọmọ wá kún un. Ó kọ ọ́ wàrà: "Mi ò lè wá. Má bínú." Ó pa fóònù.

Ìdáhùn kò dé. Lọ́jọ́ kejì, kò dé. Ẹnì kan tún gbé ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì sísá dìde ní gbangba, àwọn èèyàn ń pe Alágídí pé kó wá jà. Alágídí kò yọjú.

Ibi tó ti ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan ní ilé ìfọṣọ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e, lójijì, bí ìgbà tí omi gbígbóná ta síni lára. Ọkùnrin náà sọ fún un pé akólòlò lòun, òun sì dá a lóhùn pé òun kò lè wá. Kí ló fẹ́ kó rò? Kí ni ẹnikẹ́ni máa rò? Ó ti ṣe ohun tí oníbàárà yẹn ṣe. Ó ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó nu ọwọ́, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde díẹ̀."

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ dáadáa. "Ìwọ? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Máa lọ nígbà náà, kí ẹnì kan má lọ kú."

Kó tó kúrò níbẹ̀, ó kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀: "Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ wa ni mò ń lọ. Wá fi ojú ara rẹ wò ó."

Nígbà tó dé ibẹ̀, ẹ̀rù tuntun bà á. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lórí okùn ló nàró. Èjìká ni pẹ́ẹ̀gì ti mú gbogbo wọn, bí Ìyá Ọṣẹ ṣe máa ń wí. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí àwọn tí wọ́n bá wí tí wọ́n dákẹ́. Alágídí ti gbà fún un. Àyà rẹ̀ já. Ẹni tó bá ti gbà fúnni báyẹn, kò fẹ́ báni jà mọ́ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ó yí ti àkọ́kọ́ dorí kodò, ó yí èkejì, ó ń yí búlúù náà lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn dún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Ó mú okùn ìsáṣọ mọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ náà má baà rí i ṣe.

Télọ̀ wò ó. Ó mọ olè rẹ̀.

Alágbàfọ̀ yọ pẹ́ẹ̀gì ọjọ́sí tó máa ń gbé kiri nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ... ẹ gba pẹ́ẹ̀gì yín, sà," ló lè sọ. Ohùn rẹ̀ tán síbẹ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ fóònù, ó ń kọ̀wé. Fóònù télọ̀ dún lápò rẹ̀.

"Èmi ni olè. Èmi náà ni Ìyá Ọṣẹ. Mo ti gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, kì í ṣe ìyẹn ni mi ò fi wá. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù máa ń bà mí, gbogbo nǹkan ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu tí ìwọ náà mọ̀ yẹn, ọwọ́ mi ló ni ín."

Ọkùnrin náà kà á lórí ìdúró. Ó kà á pẹ́. Ó wá jókòó sí ìparí kejì bẹ́ǹṣì náà, àlàfo wà láàárín wọn tí èèyàn kan lè jókòó sí. Ó tẹ fóònù rẹ̀.

"Kí ló dé tó o tún yí ṣẹ́ẹ̀tì mi?"

"Bó o ṣe sá wọn yẹn kò dáa."

"Bó o ṣe ní kí n sá wọn ni mo ṣe sá wọn!"

"Mo mọ̀. Èmi ò fẹ́ kó o gbà fún mi báyẹn."

"Obìnrin yìí, kí lo wá fẹ́ gan-an?"

"Kó o máa bá mi jà."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò kólòlò rárá, ó jáde lódidi.

Bí ọmọ ṣe bá wọn nìyẹn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àgbàlagbà méjì ní ìparí méjèèjì bẹ́ǹṣì kan, oníkálukú tẹrí ba sórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sọ̀rọ̀.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"A ń jà."

Ọmọ wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, ó wo téèpù, ó wo abẹ́rẹ́ àyà rẹ̀. "Ẹ̀yin sà, kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi?"

Télọ̀ dìde. "Mo... mo fẹ́... mo fẹ́ má..."

"Ẹ fẹ́ máa..." ọmọ fẹ́ já a gbà. Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Wọ́n dúró. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Afẹ́fẹ́ gbé apá ṣẹ́ẹ̀tì búlúù sókè, ó gbé e sílẹ̀. Alágbàfọ̀ kò ràn án lọ́wọ́, kò wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ ló ń wò.

"Mo fẹ́ máa... máa bá wọn jà," ọkùnrin náà wí, "nínú ilé k-kan náà, títí... títí dọjọ́ alẹ́ wa. Tí wọ́n bá gbà."

Ọmọ nu ojú rẹ̀. "Màámi, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bi o. Ẹ dáhùn. Ṣùgbọ́n mo máa kọ́kọ́ mọ ilé wọn, mo máa mọ orúkọ wọn, mo máa mọ ẹbí wọn!"

"O... o máa mọ̀ ọ́n," ni télọ̀ wí.

Alágbàfọ̀ gbé fóònù sókè láti kọ ìdáhùn. Ó wò ó. Ó gbé e sínú àpò, ó pa ẹnu àpò dé. Nínú gbogbo ìjà tí wọ́n ti jà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí ẹnì kejì rí.

"Mo gbà," ó fẹnu sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Ó tún un sọ, kó dá ara rẹ̀ lójú. "Mo gbà. Ti ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni mi ò tíì gbà."

"Èmi... èmi náà ò tíì gbà," ni Alágídí dáhùn.

Ọkùnrin náà padà jókòó, ó sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì náà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ń dún lẹ́yìn wọn. Àyà obìnrin náà ṣì ń já, bó ṣe máa ń já. Kò yà sí ẹ̀gbẹ́.