Àgò ní Ilé Kọ̀máńdàn

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi ojú mi méjèèjì búra, kí wọ́n fọ́ bí mo bá purọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ n fi ojú kan ṣoṣo búra. N óò fi ìkejì pamọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí n ti bu iyọ̀ díẹ̀ sọ́bẹ̀ náà.

Ọ̀sán gangan ni, nígbà ọyẹ́. Màdáámù Solange, olùkọ́ ní Kétu, kó ọmọ ilé ìwé mọ́kànlá gun òkè lọ wo Ilé Kọ̀máńdàn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Faransé kọ́ nígbà ìjọba wọn. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ìyá wọn pé òun á kó wọn padà láìku ẹyọ kan.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Khadidja, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Solange fà á létí sẹ́yìn.

“Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?”

“Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Màdáámù.”

“Ọmọ Kétu kì í wọlé onílé láì kágò. Ó yá, ẹ pè é.”

Wọ́n fi ẹ̀rín pariwo: “Àgò onílé o!”

“Ẹ dúró.”

Láti òkè ni. Ohùn àgbàlagbà, jẹ́ẹ́. Ẹ̀rín gé. “Àgò yà” ni onílé ń sọ. Ta ni í ní kí àlejò dúró?

Àgbà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n dúró. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú dúró. Alángbá orí ògiri kò mi orí mọ́. Solange ń gbọ́ èémí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan nínú ilé.

“Màdáámù, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

“Pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Àgò o,” ni Khadidja wí, ohùn rẹ̀ ti kéré.

“Ẹ dúró ná.”

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. Òjìji kankan kò sì sí níbẹ̀. Solange na apá méjèèjì dí àwọn ọmọ lọ́nà.

Ilé náà kérora. Pákó, òpó àjà, páànù, gbogbo òkè pátá já wálẹ̀ sínú pálọ̀. Eruku tú jáde lẹ́nu ọ̀nà bí èéfín.

Solange ka àwọn ọmọ. Mọ́kànlá. Ó tún wọn kà.

Bàbá Gbàdàmọ́sí, ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà, sáré gòkè bọ̀ tòun ti ṣágo omi àlùwàlá, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ kú ewu o! Ewu iná kì í pa àwòdì!”

“Bàbá, ta lẹ fi sínú ilé?”

“Èmi? Mo ṣílẹ̀kùn dè yín ni, mo bá lọ kírun. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.”

Solange kúnlẹ̀ sínú eruku. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, ẹ ṣé o! Mo dúpẹ́ ọmọ o!”

Eruku rọlẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

“Àgò yà o,” ni ohùn náà wí.

Kò sẹ́ni tó wọlé.

Ibi tí mo ti purọ́ nìyí: kì í ṣe ohùn àgbàlagbà. Ohùn tèmi ni. Ìbéèrè tí Màdáámù bi Bàbá àti ‘ẹ̀yin’ tó ń pè mí, iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Màdáámù kọ́ mi fún ọdún méjì kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀, kò lè ṣì í mọ̀. Gbogbo Kétu ló sì mọ̀ pé èmi ni mo máa ń sá pamọ́ síbẹ̀ láti dẹ́rù ba àwọn tó bá wá kágò. Màdáámù ní torí kí òun lè nà mí bí mo bá jáde ni òun ṣe dúró. Nírọ̀lẹ́ ó gbé àkùkọ wá sílé wa, ó ń fọwọ́ wá ọgbẹ́ lórí mi, ó ń sunkún ọpẹ́. Mo gba àkùkọ. A ti jẹ ẹ́.

Oko ní Adakplamè ni mo wà láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi fa ẹ̀gẹ́ tu. Ta ló yá ohùn mi lò, n kò mọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá.